Bí Ẹ̀jẹ̀ Ehoro Ṣe Ń Tú Àṣírí Ẹyin Inú Ìkarahun

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá fi sùúrù pa èèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀. Bí òwe yìí bá bá iṣẹ́ ẹnikẹ́ni mu láyé, ó bá iṣẹ́ àwọn onímọ̀ tí ń ṣe ìwádìí ẹ̀dá inú omi mu. Lára iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n mú ẹ̀dá kékeré kan tí kò ju orógbó ńlá kan lọ, kí wọ́n sì sọ bóyá akọ ni tàbí abo, iye ẹyin tí ó wà nínú rẹ̀, bí ẹyin náà ti gbó tó, àti ìgbà tí yóò yé e. Ojú lásán kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, òṣùwọ̀n ọjà kò sì lè ṣe é. Ohun tí wọ́n wá fi ń ṣe é ni ẹ̀jẹ̀ ehoro. Bí ọ̀rọ̀ yìí tilẹ̀ dà bí àlọ́, òtítọ́ ni. Bí ó sì ti rí bẹ́ẹ̀ ni a ó máa là yé ara wa nínú àròkọ yìí.

Ẹ̀dá tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni kílàámù. Ìbátan ìgbín ni, ṣùgbọ́n ìkarahun tirẹ̀ kò lọ́ bí òkòtó. Méjì ni, wọ́n sì dé ara wọn bí igbá àti ìdérí rẹ̀. Iṣan líle ni ó mú ìkarahun méjèèjì papọ̀; bí ewu bá dé, kílàámù a fa iṣan náà, a sì pa ilé rẹ̀ dé pinpin. Kò ní orí, kò sì ní eyín. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tí ó dà bí ahọ́n ni ó fi ń wa yanrìn etí òkun, tí ó sì fi ń ri ara rẹ̀ mọ́ inú rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń na ọ̀nà ọ̀fun méjì sókè: ó ń gba ọ̀kan fa omi wọlé, ó ń sẹ́ àwọn ewéko wẹ́wẹ́ inú omi náà jẹ, ó sì ń gba èkejì tu omi jáde. Àwọn tí ń gbé etí ọ̀sà ní Èkó àti ní Àgbádárìgì mọ ìbátan rẹ̀ kan dáadáa, èyí tí ó máa ń lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò igi ẹ̀gbà nínú omi oníyọ̀.

Oríṣiríṣi kílàámù ni ó wà, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn onímọ̀ ni Ruditapes philippinarum. Etíkun Jàpáàn, ti Kòríà àti ti Ṣáínà ni ilé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Láàárín ọdún 1930 sí 1940, ó bá àwọn ẹran omi mìíràn tí wọ́n ń kó láti Jàpáàn rìn dé etíkun ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Àwọn ará Faransé mọ̀ọ́mọ̀ mú un wá sí ilẹ̀ wọn lẹ́yìn ọdún 1970, nígbà tí ó sì di ọdún 1983, wọ́n dà á sínú ọ̀sà ìlú Venice ní Ítálì. Lónìí, ó wà lára àwọn ẹran omi oníkarahun tí a ń sìn jù lọ láyé. Ṣáínà nìkan ń kó ju mílíọ̀nù 2 tọ́ọ̀nù rẹ̀ lọ lọ́dún.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ibi ni ó ti ń pọ̀ sí i. Ní Jàpáàn, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń fi í se ọbẹ̀ láti ayébáyé, àwọn apẹja ń kó ju 100,000 tọ́ọ̀nù lọ lọ́dún ní nǹkan bí ọdún 1980 sí 1985. Nígbà tí ó fi di ọdún 2016, ohun tí wọ́n rí kó kò tó 10,000 tọ́ọ̀nù mọ́. Ẹni tí ó ti ń kó agbọ̀n mẹ́wàá bọ̀ láti etí òkun wá ń kó agbọ̀n kan ṣoṣo. Nígbà tí irú nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀, ìbéèrè kan ni ó máa ń kọ́kọ́ jáde: ṣé àwọn ìyá ni kò yé ẹyin tó mọ́, tàbí wọ́n ń yé e, tí àwọn ọmọ wá ń kú lẹ́yìn tí wọ́n ti yé wọn? Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì gidigidi, nítorí pé oògùn ọ̀kan kò lè wo èkejì. Bí àwọn ìyá bá ṣófo, a ní láti wá ohun tí ó ń ṣe wọ́n. Bí wọ́n bá kún, tí àwọn ọmọ sì ń ṣègbé, inú omi àti inú yanrìn ni kí a lọ wá ọ̀tá náà. Bẹ́ẹ̀ ni ìjọba kò lè mọ oṣù tí ó yẹ kí ó fi òfin de kíkó wọn, bí kò bá mọ oṣù tí wọ́n ń yé ẹyin.

Ẹnìkan lè béèrè pé: kí ni ó wá ṣòro nínú kí a mọ̀ bóyá ẹ̀dá kan ní ẹyin nínú? Ẹni tí ó bá ti la inú ẹja àrọ̀ rí ní ìgbà òjò mọ̀ bí àpò ẹyin rẹ̀ ti ń rí. A lè yọ ọ́ lódindi, kí a sì gbé e lé orí òṣùwọ̀n. Kílàámù kò rí bẹ́ẹ̀. Èkíní, akọ àti abo rẹ̀ jọ ara wọn pátápátá lóde. Kò sí ogbe orí bí ti àkùkọ tí a fi lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Èkejì, ibi tí ẹyin rẹ̀ ń gbé kò ní àpò tirẹ̀. Ó tàn káàkiri láàárín ìfun àti ẹ̀dọ̀, bí omi ti ń rin inú kànìnkànìn, débi pé kò sí ọ̀bẹ tí ó lè gé ẹyin nìkan kúrò láìmú ẹran mìíràn mọ́ ọn. Ẹ̀kẹta, ẹyin náà kéré púpọ̀. Bí a bá to nǹkan bí 15 nínú wọn ní ẹsẹẹsẹ, wọn kò ní gùn ju mìlímítà kan lọ. Ẹ̀kẹrin, lẹ́yìn tí ìgbà ẹyin bá ti kọjá, inú akọ àti inú abo a tún di bákan náà, tí a kò fi ní mọ èyí tí í ṣe akọ nínú wọn.

Ọ̀nà kan wà tí àwọn onímọ̀ ti ń tọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Wọn a gé inú kílàámù, wọn a rì í sínú ohun tí kì í jẹ́ kí ó rà, wọn a sì dà ìda gbígbóná mọ́ ọn. Nígbà tí ìda náà bá dì, wọn a fi ẹ̀rọ abẹ kan bó o ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, tí nínípọn rẹ̀ kò ju ìdá 5 tàbí 6 nínú 1,000 mìlímítà kan lọ. Wọn a pa á láró pupa àti àyìnrín, wọn a sì fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Ọ̀nà yìí dára púpọ̀. Ó ń fi hàn bóyá ẹyin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, bóyá ó ti gbó, bóyá ìyá ti ń yé e, tàbí bóyá ó ti yé e tán. Ṣùgbọ́n ó ń gba ọjọ́ púpọ̀, kò sì lè sọ iye ẹyin tí ó wà nínú gbogbo ara. Ẹni tí ó wo pẹlẹbẹ kan dà bí ẹni tí ó wo ebè kan ṣoṣo nínú oko àgbàdo ńlá, tí ó wá ń sọ iye àgbàdo tí yóò kún àká.

Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe wá àmì mìíràn. Wọ́n ronú pé, bí a kò bá lè yọ ẹyin kúrò lára ẹran, ṣé kò sí ohun kan nínú ẹyin tí kò sí nínú ẹran, tí a lè fi wọn ẹyin? Ohun bẹ́ẹ̀ wà. Ẹ̀dá tí ó bá ń yé ẹyin kì í rán ọmọ rẹ̀ lọ sáyé ní ọwọ́ òfìfo. Oúnjẹ ni ó ń dì fún un. Gbogbo wa ni ó mọ oúnjẹ yìí nínú ẹyin adìẹ: òun ni pupa ẹyin. Ẹyin kílàámù náà ní irú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ kéré. Apá tí ó tóbi nínú rẹ̀ jẹ́ ẹ̀yà purotéènì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ vitellin. Kí ó tó di vitellin, vitellogenin ni wọ́n ń pè é, orúkọ tí àwọn onímọ̀ kan tí ń ṣe ìwádìí nípa kòkòrò fún un ní ọdún 1969. Nínú adìẹ, ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe é, ẹ̀jẹ̀ a sì gbé e lọ sínú ẹyin. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀dá oníkarahun méjì, ibi tí ẹyin ń gbé gan-an ni a ti ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe àkíyèsí ohun mẹ́ta tí ó mú kí purotéènì yìí jẹ́ àmì rere. Nígbà tí ẹyin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, vitellin inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Bí ẹyin ti ń gbó ni ó ń pọ̀ sí i. Nígbà tí ìyá bá yé ẹyin, ó ń bá ẹyin jáde, ara ìyá a sì ṣófo rẹ̀. Kò sì sí i nínú ẹsẹ̀, tàbí nínú iṣan, tàbí nínú ara akọ, bí nǹkan bá wà bí ó ti yẹ kí ó wà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá lè wọn vitellin ti wọn ẹyin. Ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún oríṣi purotéènì ni ó wà nínú ara kílàámù kan. Bí a bá lọ̀ ọ́, gbogbo wọn a pò pọ̀ bí èrò ọjà. Ta ni yóò wọ inú èrò náà lọ, tí yóò mú ẹnì kan ṣoṣo jáde láìṣi ẹlòmíràn mú?

Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Aláàfin ní àwọn jagunjagun àṣàyàn tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀ṣọ́, àádọ́rin ni wọ́n. Inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn àti ti ẹranko náà ní ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní àńtíbọ́dì. Ní ọdún 1890, ní ìlú Berlin ní Jámánì, Emil von Behring àti Kitasato Shibasaburo, ọmọ Jàpáàn, fi hàn pé bí ẹranko kan bá ti bá oró àrùn ipá pàdé díẹ̀díẹ̀, ohun kan a wà nínú omi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tí ó lè gba ẹranko mìíràn lọ́wọ́ oró náà. Ohun tí wọ́n rí nígbà náà ni iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fúnni ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1901, Behring ni wọ́n kọ́kọ́ fún ní ti ìmọ̀ ìṣègùn.

Ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ohun ẹlẹ́mìí; purotéènì ni òun náà. Ó rí bí igi ẹlẹ́ka méjì tí àwọn ọmọdékùnrin fi ń ṣe rọ́bà tí wọ́n fi ń ta ẹyẹ. Ṣóńṣó ẹ̀ka méjèèjì ni agbára rẹ̀ wà. A gbẹ́ wọn lọ́nà tí ó fi jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo ni wọ́n lè dì mú, gẹ́gẹ́ bí kọ́kọ́rọ́ ti ń bá ihò àgádágodo kan mu tí kò sì bá òmíràn mu. Bí àjèjì bá wọ inú ara, ara a wá irú ẹ̀ṣọ́ tí ṣóńṣó rẹ̀ bá àjèjì náà mu, a sì bí i sí i ní ọ̀pọ̀lọpọ̀. Lójú ara ehoro, àjèjì ni ẹyin kílàámù. Ehoro kì í jẹ kílàámù, kò sì rí i rí. Bí a bá mú un bá ẹyin rẹ̀ pàdé, yóò bí ẹ̀ṣọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dájú.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Àwọn onímọ̀ a mú abo kílàámù tí ẹyin rẹ̀ ti gbó. Wọn a mú kí omi inú agbada rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ooru omi ni ó máa ń sọ fún un pé àkókò ti tó. Yóò sì tu ẹyin jáde bí èéfín funfun. Wọn a sẹ́ ẹyin náà, wọn a fọ̀ ọ́ nù, wọn a lọ̀ ọ́ kúnná. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún sí abẹ́ awọ ehoro. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọn a tún un gún, kí ara má baà gbàgbé àjèjì náà. Nígbà tí ẹ̀ṣọ́ bá ti pọ̀ tó, wọn a gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára ehoro náà. Wọn a jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ náà dì, wọn a sì da omi tí ó mọ́ tí ó léfòó lórí rẹ̀ sọ́tọ̀. Inú omi yìí ni àwọn ẹ̀ṣọ́ wà, tí wọ́n ń dúró de iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò ì tí ì yá. Ọ̀rọ̀ kan wà níhìn-ín tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan fi sọ́kàn, nítorí òun ni ó ya onímọ̀ tòótọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára onígbéraga. Vitellin nìkan kọ́ ni ó wà nínú ẹyin. Àwọn purotéènì kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n tún wà nínú iṣan, nínú ẹsẹ̀ àti nínú akọ. Ehoro kò mọ èyí tí a ń wá. Ó bí ẹ̀ṣọ́ fún gbogbo wọn. Bí a bá rán irú ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀ níṣẹ́, wọn yóò máa mú aláìṣẹ̀ mọ́ ẹlẹ́ṣẹ̀, a ó sì ka ẹyin sí akọ kílàámù lọ́rùn! Nítorí náà, wọn a lọ ẹran ara akọ kílàámù, wọn a sì pò ó mọ́ omi ẹ̀jẹ̀ ehoro náà. Ẹ̀ṣọ́ tí ó bá di ẹran akọ mú ti fi ara rẹ̀ hàn pé kò wúlò. Wọn a fi ẹ̀rọ yí omi náà bíríbírí títí àwọn tí wọ́n ti so mọ́ ẹran yóò fi rọ̀ sísàlẹ̀, wọn a sì dà wọ́n nù. Àwọn tí ó kù lókè ni wọ́n mọ ẹyin nìkan.

Lẹ́yìn èyí, wọn a dán wọn wò. Onímọ̀ kan ará Swídìn, Örjan Ouchterlony, ni ó fi ọ̀nà kan hàn láàárín ọdún 1940 sí 1950. A ó da ohun kan tí ó ń dì bí ẹ̀kọ sínú àwo pẹlẹbẹ, a ó sì dá ihò wẹ́wẹ́ sí i. Ihò àárín ni a ó da ẹ̀ṣọ́ sí. Ihò ẹ̀gbẹ́ ni a ó da omi ẹyin, omi ẹsẹ̀, omi iṣan àti omi ara akọ sí, olúkúlùkù sí tirẹ̀. Wọn yóò máa wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ nínú ẹ̀kọ náà. Níbi tí ẹ̀ṣọ́ bá ti pàdé ohun tí ó mọ̀, ìlà funfun a yọ. Bí ìlà bá yọ lápá ti ẹyin, tí kò sì yọ lápá ibòmíràn, ẹ̀ṣọ́ náà yege.

Ọ̀nà mìíràn tún wà láti ya purotéènì sọ́tọ̀. Àwọn onímọ̀ a fi agbára iná mànàmáná lé gbogbo purotéènì gba inú ohun dídì kan kọjá. Àwọn kékeré a yọ́ gba àárín rẹ̀ bí ọmọdé ti ń yọ́ gba abẹ́ ìtàkùn. Àwọn ńlá a máa há kiri bí òmìrán nínú igbó kìjikìji. Nígbà tí ó bá ṣe díẹ̀, kálukú a ti dúró sí ààyè tirẹ̀ bí ìlà ìlà. Bí a bá gbé ìlà ti abo sí ẹ̀gbẹ́ ti akọ, a ó rí àwọn ìlà tí abo ní tí akọ kò ní. Láti ọdún 1979 ni wọ́n ti ń tẹ àwọn ìlà yìí mọ́ bébà pàtàkì kan, tí wọ́n sì ń da ẹ̀ṣọ́ sí i lórí, kí ẹ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀ lè tọ́ka sí èyí tí í ṣe ti ẹyin.

Nígbà tí a bá ti wá ní ẹ̀ṣọ́ tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, báwo ni a ó ṣe fi í ka ohun tí ojú kò rí? Ọdún 1971 ni Eva Engvall àti Peter Perlmann gbé ọ̀nà kan jáde ní Stockholm, olú-ìlú Swídìn. ELISA ni orúkọ rẹ̀. Àwo kékeré kan wà tí ó ní ihò 96, bí ọpọ́n ayò tí a sọ di púpọ̀. Wọn a lọ odindi ẹran ara kílàámù kan, wọn a sì da ìwọ̀n díẹ̀ nínú omi rẹ̀ sínú ihò kan. Purotéènì a lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ihò náà. Wọn a da ẹ̀ṣọ́ ehoro sí i. Àwọn tí ó bá rí ẹyin a dì í mú, wọn a sì fi omi ṣan àwọn tí kò rí nǹkan mú dànù. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ ehoro kò ní àwọ̀. Nítorí náà, wọn a tún rán ẹ̀ṣọ́ kejì jáde, tí wọ́n gbà lára ewúrẹ́, èyí tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti di ẹ̀ṣọ́ ehoro mú. Wọ́n ti so ẹ́ńsáìmù mọ́ èyí lára, bí ìgbà tí a so fìtílà mọ́ ọlọ́dẹ lọ́wọ́. Wọn a tún ṣan ihò náà. Níkẹyìn, wọn a da omi kan sí i tí ẹ́ńsáìmù náà ń yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Ibi tí ẹyin bá pọ̀ sí, àwọ̀ a ṣú. Ibi tí ó bá kéré sí, àwọ̀ a ràn díẹ̀. Ibi tí kò bá sí, omi a wà bí ó ti wà.

Aláró tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a máa wo aṣọ, a sì mọ iye ìgbà tí wọ́n ti rì í sínú aró. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ kan ti ń wo àwọ̀ inú ihò wọ̀nyí. Kí ó má baà ṣi ìwọ̀n, wọn a kọ́kọ́ da ìwọ̀n ẹyin tí wọ́n ti mọ̀ sínú àwọn ihò kan: púpọ̀, ààbọ̀ rẹ̀, ààbọ̀ ààbọ̀ rẹ̀, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọ̀ àwọn wọ̀nyí ni wọ́n fi ń wọn ti àwọn yòókù. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Kí a sọ pé ẹran ara kílàámù kan, lẹ́yìn tí a ti gbẹ ẹ́, jẹ́ 500 mìlígíráàmù, tí àwọ̀ sì fi hàn pé 100 mìlígíráàmù nínú rẹ̀ jẹ́ ẹyin. Ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ara ìyá náà ni ó ti sọ di ẹyin. Bí a bá sì mọ ìwọ̀n ẹyin ẹyọ kan, a ó fi í pín 100 mìlígíráàmù náà, a ó sì mọ iye ẹyin tí ó wà nínú rẹ̀. Àgbàlagbà abo kan lè ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rọ̀ọ̀rún, àní ó lè ju mílíọ̀nù kan lọ. Ta ni ìbá lè jókòó ka ìyẹn?

Ní ọdún 1993, Kwang-Sik Choi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwé jáde lórí bí wọ́n ti fi ọ̀nà yìí wọn ẹyin ẹran omi oníkarahun kan ní Amẹ́ríkà, èyí tí í ṣe ìbátan ti orí gbòǹgbò ẹ̀gbà tí a mẹ́nu kàn. Ní ọdún 2004, òun àti Kyung-Il Park tẹ òmíràn jáde lórí kílàámù tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ní Kòríà. Àǹfààní rẹ̀ hàn kedere: kílàámù púpọ̀ ni a lè yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan, láàárín àkókò kúkúrú, kí a sì fi iye gidi dípò ọ̀rọ̀ àfojúwò. Bí a bá ń kó wọn láti etí òkun lóṣooṣù, a ó rí i bí ẹyin ti ń pọ̀ nígbà tí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ó ti ń kún nígbà ooru, àti bí ó ti ń wálẹ̀ lójijì nígbà tí wọ́n bá yé e. Oṣù tí ó wálẹ̀ yẹn ni oṣù ìbímọ, èyí tí ó yẹ kí àwọn apẹja bọ̀wọ̀ fún.

Wọ́n tún fi í wádìí àrùn. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí ń jẹ́ Perkinsus olseni, tí ó ń gbé inú ara kílàámù ní Kòríà, ní Jàpáàn àti ní ibòmíràn. Àjẹnirun ni. Oúnjẹ tí ìyá ìbá fi ṣe ẹyin ni kòkòrò náà ń bá a jẹ. Ní ọdún 2006, àwọn onímọ̀ ní Kòríà tẹ ìwádìí jáde lórí ohun tí kòkòrò yìí ń ṣe sí ìbímọ kílàámù, ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀jẹ̀ ehoro ni wọ́n sì fi wọn ẹyin. Nípa bẹ́ẹ̀, a lè rí ìpalára àrùn kan kí ìyá tilẹ̀ tó kú, nígbà tí ọmọ tí kò bí ṣì ni ẹ̀rí.

Lára ẹja pàápàá, irú ẹ̀ṣọ́ báyìí ti tú àṣírí ńlá kan. Láàárín ọdún 1990 sí 2000, wọ́n rí i ní àwọn odò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé akọ ẹja tí ń gbé ìsàlẹ̀ ibi tí omi ìdọ̀tí ìlú ń tú sí ní vitellogenin nínú ẹ̀jẹ̀, bí ẹni pé abo ni wọ́n. Àwọn ohun kan wà nínú omi ìdọ̀tí náà tí ń ṣe iṣẹ́ bí omi ara obìnrin. Àwọn onímọ̀ kan ti ń wá irú àmì bẹ́ẹ̀ nínú kílàámù náà, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn ṣì pọ̀ lórí rẹ̀, nítorí ara kílàámù kò rí bí ti ẹja.

Ó yẹ kí a sọ ibi tí agbára ọ̀nà yìí mọ. Ẹ̀ṣọ́ tí ó mọ ẹyin irú kílàámù kan lè má mọ ti irú òmíràn. A ní láti tún bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ehoro mìíràn. Ẹyin tí ó ti ń bàjẹ́ nínú ìyá ṣì ní vitellin díẹ̀, àwọ̀ yóò sì kà á mọ́ èyí tí ó dára. Kílàámù tí a bá wọ̀n kò lè padà sínú omi, nítorí a ti lọ̀ ọ́. Nítorí náà ni awò àti pẹlẹbẹ inú ìda kò ṣe tí ì di ohun àpatì. Awò ń sọ irú ipò tí ẹyin wà, ẹ̀ṣọ́ ń sọ bí ó ti pọ̀ tó. Ọwọ́ ọ̀tún ń wẹ òsì, òsì sì ń wẹ ọ̀tún.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí ìbéèrè àwọn apẹja. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé àwọn ìyá kún fún ẹyin, tí wọ́n sì yé e lásìkò, síbẹ̀ tí kò sí ọmọ nínú yanrìn, ẹ̀bi kò sí lọ́rùn wọn. Ọmọ kílàámù a máa léfòó nínú omi fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí ó tó rì sínú yanrìn. Láàárín àkókò yìí, ìgbì lè gbé e lọ, ebi lè pa á, ẹja lè jẹ ẹ́, tàbí kí ó má rí yanrìn rere bà lé. Ibẹ̀ ni kí a ti wá àtúnṣe. Ṣùgbọ́n bí àwọn ìyá bá ṣófo, oúnjẹ wọn, àrùn wọn àti omi wọn ni kí a yẹ̀ wò. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ mọ èyí tí ó jẹ́ òtítọ́ lè ná owó púpọ̀ sórí ohun tí kò ṣàìsàn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹyin ní ń di àkùkọ. Ohun tí ó kéré jù lọ nínú ayé ẹ̀dá kan ni ó ń sọ bí ọ̀la rẹ̀ yóò ti rí. Àwọn tí wọ́n wá ẹ̀ṣọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ní ọdún 1890 kò ro kílàámù rárá; àrùn ipá àti àrùn ọ̀fun ni wọ́n ń bá jà. Àwọn tí wọ́n ṣe àwo oníhò 96 kò mọ̀ pé apẹja etí òkun yóò jàǹfààní rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ ti ń rìn: ẹnìkan a gbin igi, ẹlòmíràn a jókòó sí abẹ́ òjìji rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo rẹ̀, ẹ má ṣe gbàgbé ẹran akọ tí wọ́n pò mọ́ omi ẹ̀jẹ̀ ehoro. Kí a tó gba ẹlẹ́rìí gbọ́, ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi í léèrè bóyá ó lè ya ẹni tí ó jẹ̀bi sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí kò jẹ̀bi. Ẹni tí ó bá ń ṣe èyí kí ó tó sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò máa ní ìwọ̀n, ì báà jẹ́ nínú ilé àyẹ̀wò, ì báà jẹ́ láàárín ìlú.